Ta ló sanwó, kí sì ni wọn ò sọ: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 14 láti ka ìpolówó àti ìbò

Tí èèyàn bá ti ní kí wọ́n kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan orí tẹlifíṣàn àti íntánẹ́ẹ̀tì, ayédèrú ìròyìn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọmọ wa kó lè dá irọ́ mọ̀. Ìyẹn dáa. Àmọ́ apá kékeré nìyẹn, òun náà ló sì rọrùn jù, torí lójú tèmi irọ́ pọ́ńbélé kọ́ ló pọ̀ jù nínú nǹkan tó ń kọjá lójú ọmọ ọdún méjìlá lójúmọ́, èyí tó pọ̀ ni òótọ́ tí ẹnì kan ti tò bó ṣe wù ú, tó ti èyí tó gbè é síwájú, tó gbé èyí tí ò gbè é pamọ́, tó wá fi orin dídùn àti ẹ̀rín sí i. Ẹ bi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pé "ṣé òótọ́ ni?", á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni. Ìbéèrè méjì tó lè tú u wò ni: ta ló sanwó kí n lè rí èyí? Kí sì ni wọn ò sọ? Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí, yálà ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni o tàbí ọ̀rọ̀ ààrẹ, orí ìbéèrè méjì yìí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wàhálà wà gan-an. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kéékèèké síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, látorí àwọn ọmọ ọdún méjìlá mẹ́tàlá títí dé àwọn tó wà ní yunifásítì, ìdáhùn tí wọ́n kó jọ lé ní 7,800. Wọ́n fi ojú ìwé ìkànnì ìròyìn kan han àwọn kékeré inú wọn pé kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ìròyìn àti èyí tó jẹ́ ìpolówó. Ìpolówó tó hàn gbangba, tó ní àmì owó àti ẹ̀dínwó lára, ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ bíi ìròyìn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sókè ẹ̀ pé "sponsored content", ó lé ní 80% nínú àwọn ọmọ yẹn tó ní ìròyìn gidi ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn kan rí àkọlé yẹn o, wọ́n tiẹ̀ mẹ́nu bà á nínú ìdáhùn wọn, síbẹ̀ wọ́n ní ìròyìn ni.

Ojú wọn ríran dáadáa nìyẹn, àkọlé yẹn ló kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán létí wọn, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bí ojú ìwé yẹn ṣe ń rówó jẹun fún wọn rí. Torí náà owó ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Áàpù tí ọmọ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló ń san owó iná ẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, owó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń gbé fídíò yẹn wá? Àwọn oníìpolówó ni. Kí ni wọ́n wá ń rà? Àkókò ọmọ yẹn ni, ojú ẹ̀ tó dúró síbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti yé e, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn á yé e láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́, á mọ ìdí tí fídíò kan ò tíì parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, á mọ ìdí tí nǹkan tó ń bíni nínú tàbí tó ń dẹ́rù bani fi ń wá sójú ẹ̀ lemọ́lemọ́, torí bó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ìpolówó tó máa rí ṣe máa pọ̀ tó, inú tó ń bí i yẹn gan-an ló ń dá a dúró. Àwọn ọmọ fẹ́ràn apá yìí gan-an, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò fẹ́ kí wọ́n tan òun rárá, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rí i pé ẹnì kan ń pa owó lórí òun, kò ní sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ tó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, pé ìròyìn nìyí, èrò ẹnì kan nìyí, ìpolówó nìyí, ìpolówó tí wọ́n kọ bíi ìròyìn nìyí. Wọ́n á jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Àwọn ínfúlúẹ́ńsà ló máa ń fa ìjà tó le jù, torí ẹni tí ọmọ ti ń wò fún ọdún kan, tó ti ń bá a rẹ́rìn-ín bíi ẹ̀gbọ́n, ó ṣòro láti gbà pé ìpara ọwọ́ ẹ̀ yẹn, owó ni wọ́n fún un kó tó gbé e dání. Ní Amẹ́ríkà, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìpolówó, ní ẹni tí wọ́n bá sanwó fún tàbí tí wọ́n fún lọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere, àmọ́ kíkọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá láàárín háṣítáàgì ogún, ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó máa rí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu ìpolówó. Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: "Ọṣẹ yìí lè dín rorẹ́ kù tó fi dé 50%." Ọmọ tó ní rorẹ́ lójú ti fẹ́ ra á. Ẹ wá ní kí wọ́n tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Lè": ó lè, ó sì lè má lè, kò sẹ́ni tó ṣèlérí nǹkan kan. "Tó fi dé 50%": láti òdo dé àádọ́ta, bí ò bá dín ẹyọ kan ṣoṣo kù, wọn ò tíì purọ́. "Dín kù": ju ìgbà wo lọ? Ju ti ẹni tí ò fọjú rárá lọ ni àbí ju ti ẹni tó fi omi lásán fọjú? Wọn ò sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbólóhùn tó dún bíi ìlérí ńlá ti di òfìfo, bẹ́ẹ̀ kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó tún wọ ọmọ lára báyìí.

Àwòrán náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ká àwọn tó ń polówó ọbẹ̀ inú agolo Campbell mọ́ ibi tí wọ́n ti da màbù, ìyẹn òkúta dígí róbótó tí ọmọdé fi ń ṣeré, sí ìsàlẹ̀ àwo, kí ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ náà má baà rì, kó lè léfòó sókè kó dà bíi pé ó kún dẹ́múdẹ́mú. FTC gbé wọn lọ, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa o: ẹ̀fọ́ yẹn, tiwọn ni, ọbẹ̀ yẹn, tiwọn ni, kámẹ́rà ò sì purọ́. Ohun tí wọn ò sọ ló wà nísàlẹ̀ àwo.

Ìtàn Listerine tún dáa láti fi tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ nínú ìpolówó pé omi ìfọnu yẹn ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀fìnkìn àti ọ̀fun dídùn. Lọ́dún 1975 FTC ní rárá, pé kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ nínú ìpolówó wọn pé kò lè dènà ọ̀fìnkìn, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ títí owó tí wọ́n ná sórí ìpolówó á fi tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ ò dá wọn láre. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i tá a bá dé orí ìbò: ọjà ní ọlọ́pàá tirẹ̀, olóṣèlú ńkọ́?

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọgbọ́n méje kan, torí gbogbo tíṣà tó bá wá nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa kàn wọ́n. Lọ́dún 1937, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York tó ń jẹ́ Institute for Propaganda Analysis, wọ́n sì ka ọgbọ́n méje tí àwọn tó fẹ́ yí èèyàn lọ́kàn padà ń lò. Lílẹ orúkọ burúkú mọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dídán tí ò ní nǹkan nínú bíi "ìlọsíwájú" àti "ọ̀la tó dáa" wà níbẹ̀, pé kí èèyàn dúró síwájú àsíá kí iyì àsíá lè ràn án, pé kí gbajúmọ̀ jẹ́rìí sí i, pé "mẹ̀kúnnù bíi tiyín lèmi náà", pé kí wọ́n to ẹ̀rí sí apá kan ṣoṣo, àti pé "gbogbo ayé ló ti wà níbẹ̀, ìwọ nìkan ló kù". Ẹgbẹ́ yẹn kógbá sílé ní 1942, àmọ́ àwọn ọgbọ́n náà ò tíì gbó. Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ di àkọ́sórí, ọmọ á ka méjèèje láìṣìnà nínú ìdánwò, tó bá délé á ra bàtà torí gbogbo kíláàsì ló ní i. Tó bá jẹ́ tèmi, méjì péré ni mo máa tẹpẹlẹ mọ́ fún ọjọ́ orí yìí: "gbogbo ayé ló ń ṣe é", torí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò fẹ́ dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, àti títo ẹ̀rí sí apá kan, torí òun ló ṣòro jù láti rí. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù wọ́n.

Wàyí o, ìbò. Ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń sá fún un, ẹ̀rù àwọn òbí ń bà wọ́n, wọ́n á ní àwọn òbí á sọ pé àwọn ń polongo ní kíláàsì. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìbò tí ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí mọ́, tí àwọn tó dù ú ti kú tipẹ́. Ilé àkójọpọ̀ kan ní New York, Museum of the Moving Image, ti kó àwọn ìpolówó ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà sórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ The Living Room Candidate, láti 1952 wá, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí mo máa ń mú nínú wọn jẹ́ ti 1964, Lyndon Johnson tó wà lórí oyè ló ń bá Barry Goldwater du ipò ààrẹ.

Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró nínú pápá, ẹyẹ ń ké, ó ń já ewé òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, ó ń ṣi í kà bíi ọmọdé. Bó ṣe dé orí mẹ́sàn-án, ohùn ọkùnrin kan tó le koránkorán bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọmọ náà gbójú sókè, àwòrán dúró, kámẹ́rà ń sún mọ́ ojú ẹ̀, ó ń sún mọ́ ọn, títí dúdú inú ẹyinjú ẹ̀ fi bo gbogbo ojú tẹlifíṣàn. Òdo. Bọ́ǹbù nukilíà bú, èéfín ẹ̀ gòkè bí olú ńlá. Ohùn Johnson wá wọlé, ó ní yálà ká fẹ́ràn ara wa, tàbí ká kú. Lẹ́yìn náà ẹnì kan ní kẹ́ ẹ dìbò fún Johnson ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tẹ́ ẹ lè torí ẹ̀ jókòó sílé. Ó tán.

Ẹ bi àwọn ọmọ pé: kí ni wọ́n sọ nípa Goldwater? Ọ̀pọ̀ á dáhùn kíá pé wọ́n ní ó fẹ́ ju bọ́ǹbù. Ẹ ní kí wọ́n tún un wò. Kò síbẹ̀. Orúkọ Goldwater ò jáde, àwòrán ẹ̀ ò jáde, wọn ò tiẹ̀ sọ pé alátakò kan wà. Ibo wá ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Ní orí ara wọn ni, torí ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀ pé Johnson àti Goldwater ló ń dù ú. Àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà yẹn náà ti ní tiwọn lórí, Goldwater ti sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà nukilíà tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ó sì ti dìbò lòdì sí àdéhùn 1963 tó fẹ́ dín ìdánwò bọ́ǹbù náà kù. Ìpolówó yẹn kàn tẹ ohun tó ti wà nínú wọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó láìgbọ́ ohùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbọ́ ohùn láìwo àwòrán, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe yàtọ̀ pátápátá.

Apá kejì ìtàn yẹn wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn Johnson sanwó pé kí wọ́n gbé e jáde, lórí NBC, ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án 1964. Àmọ́ ariwo tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé àwọn oníròyìn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ wá wo ìpolówó tí gbogbo èèyàn ń sọ. Ọmọ òde òní mọ eléyìí dáadáa, òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá pín fídíò kan káàkiri torí pé ó bí i nínú. Johnson wọlé pẹ̀lú nǹkan bíi 61% ìbò, ó gba ìpínlẹ̀ 44 nínú 50, àwọn ọmọ á sì sáré sọ pé ìpolówó yẹn ló gbé e wọlé. Ẹ dá wọn dúró níbẹ̀. Johnson ti ń ṣíwájú kí ìpolówó yẹn tó jáde. Pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn ò sọ pé òmíràn yẹn ló fà á, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ṣàlàyé ìbò lórí tẹlifíṣàn ni ò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tá a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ní Amẹ́ríkà, FTC tó mú ọlọ́bẹ̀ àti olómi ìfọnu yẹn ò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Kódà òfin kan tó ti wà láti 1934 sọ pé iléeṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣàn tó bá ta àkókò fún olùdíje ò gbọ́dọ̀ gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrò, irọ́ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu gan-an pé wọ́n lè fìyà jẹ ẹni tó purọ́ nípa omi ìfọnu ju ẹni tó purọ́ nípa alátakò ẹ̀ lọ. Àlàyé wà fún un, ìjọba tó bá lè sọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbò lè fi pa alátakò lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn, wọn ò gba kí ẹnikẹ́ni sanwó fún ìpolówó òṣèlú lórí tẹlifíṣàn àti rédíò rárá, wọ́n kàn ń fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní àkókò tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ta ló sanwó, òfin 2002 kan ní Amẹ́ríkà ló fà á tí olùdíje fi gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fọwọ́ sí ìpolówó náà. Àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti olùdíje náà máa ń ṣe ìpolówó, orúkọ dídùndídùn ni wọ́n máa ń jẹ́, ẹ ní kí ọmọ wá ẹni tó wà lẹ́yìn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Google àti Meta tó ni Facebook ní ibì kan tí wọ́n ń kó ìpolówó òṣèlú jọ sí, ẹnikẹ́ni lè wọbẹ̀, èèyàn lè rí ẹni tó sanwó àti bí iye owó ẹ̀ ṣe tó, lórílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwádìí èrò olùdìbò, àwọn nọ́ńbà tó máa ń sọ ẹni tó ń ṣíwájú. Ìtàn tó dáa jù fún un jẹ́ ti ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1936. Ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn pé ta ni wọ́n máa dìbò fún, èyí tó padà wá lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n kà á, wọ́n ní Alf Landon ló máa na Franklin Roosevelt. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. George Gallup, olùwádìí èrò olùdìbò kan tó bi èèyàn tó kéré sí tiwọn lọ́nà jíjìn, nǹkan bíi 50,000, ló sọ ọ́ bó ṣe rí. Báwo ni mílíọ̀nù méjì ṣe máa ṣìnà kí 50,000 mọ̀nà? Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò àti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn yẹn ti ṣa orúkọ, lásìkò tí ìyà ń jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, tí mẹ̀kúnnù ò ní tẹlifóònù. Àwọn tó tún dá káàdì padà, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ọmọ: kó tó bi pé èèyàn mélòó ni wọ́n bi, kó kọ́kọ́ bi pé àwọn wo. Èyí ló fà á tí "ẹ dìbò lórí péèjì mi" tí àwọn olókìkí máa ń ṣe ò fi jámọ́ nǹkan kan, kódà kí mílíọ̀nù kan tẹ̀ ẹ́, àwọn tó fẹ́ràn olókìkí yẹn náà ni gbogbo wọn.

Ìwádìí tí wọ́n bá ṣe dáadáa náà ní ibi tó lè ṣì í sí. Tí wọ́n bá bi 1,000 èèyàn tí wọ́n ṣà láìṣègbè, nọ́ńbà yẹn lè fi nǹkan bíi 3% lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, torí náà 48 sí 46 tí àwọn oníròyìn ń pè ní "ó ti ń ṣíwájú" yẹn, kò tíì sẹ́ni tó ń ṣíwájú ẹnì kan. Ẹ tún ní kí wọ́n ya gráàfù. Ẹnì kan ní 51%, èkejì ní 49%. Tí òpó méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n tún un yà, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí 48. Òpó kan ga tó ìwọ̀n mẹ́ta, èkejì ìwọ̀n kan péré, ẹni tó bá sáré wò ó á rò pé wọ́n ti na ẹnì kejì ní ìlọ́po mẹ́ta. Nọ́ńbà kan náà o! Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ya irú gráàfù yìí lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò títí ayé.

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nìyí: wọ́n máa ń ní kí ọmọ wo ìkànnì kan fínnífínní, ṣé ó mọ́, ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀, ṣé ó ní àwòrán tó dáa, ṣé àdírẹ́sì ẹ̀ parí sí .org. Kò ṣiṣẹ́. Láti 1998 ni ìkànnì kan ti wà tó ń sọ nípa ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹran inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, pé ó ń gbé orí igi nínú igbó kan ní ìpínlẹ̀ Washington, pé ó ti fẹ́ kú tán, ẹ ràn wá lọ́wọ́ ká gbà á là. Àwàdà ni, àmọ́ ó ní àwòrán, ó ní àlàyé bí wọ́n ṣe ń bímọ, ó ní líǹkì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ gidi. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Connecticut fi han ọmọ 25 tí wọ́n wà ní kíláàsì keje, àwọn tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa ni wọ́n tiẹ̀ ṣà, gbogbo wọn ló gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè tọ́ka sí ohun kan lójú ìkànnì yẹn tó fi hàn pé irọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Ẹni tó ṣe é ló ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ọmọ kúrò níbẹ̀. Kó ṣí tàbù mìíràn, kó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn tàbí ọ̀rọ̀ yẹn, kó gbọ́ ohun tí àwọn tí ò bá wọn tan ń sọ, kó tó padà wá. Àwọn ará Stanford yẹn náà fi èyí wé ara, wọ́n kó ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn mẹ́wàá, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò mẹ́wàá, àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì í, wọ́n ń kà á látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ṣìnà. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò ò tíì pẹ́ lójú ìwé náà tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, àwọn ló sì yára mọ òótọ́ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n o! Ìwé kíkà púpọ̀ ò gba èèyàn lọ́wọ́ eléyìí.

Ọ̀nà yìí kan náà ló máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ohùn àti fídíò tí AI ṣe. Ní oṣù kìíní 2024, àwọn kan ní New Hampshire gba kọ́ọ̀lù, ohùn Ààrẹ Biden ni wọ́n gbọ́, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dìbò abẹ́lé tó ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n tọ́jú ìbò wọn di oṣù kọkànlá. AI ni wọ́n fi ṣe ohùn náà, ìjọba sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lé ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa fetí wá bóyá ohùn yẹn dún bíi ẹ̀rọ, àwọn ẹ̀rọ yìí ń dáa sí i lójoojúmọ́, etí ò ní lè bá wọn sá. Ọ̀rọ̀ tí ohùn náà sọ ni kó wò: ṣé ẹni tó bá dìbò abẹ́lé ò lè dìbò mọ́ ní oṣù kọkànlá ni? Ó lè dìbò. Ta wá ló máa jàǹfààní bí èèyàn bá jókòó sílé?

Ewu kan wà nínú gbogbo èyí o, mo sì ti rí i pé ó máa ń tètè dé: ọmọ á kọ́ díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ọmọ tí ò gba nǹkan kan gbọ́ ò tíì gbọ́n ju èyí tó gba gbogbo ẹ̀ gbọ́ lọ, méjèèjì ni ò yẹ nǹkan kan wò. Ohun tí mo fi ń dènà ẹ̀ ni pé mo máa ń fi nǹkan tó jẹ́ òótọ́, tó sì ní ẹ̀rí, kún ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń rí tí nǹkan bá yege. Àwa tíṣà náà ò sì gbọ́dọ̀ yọ ara wa sílẹ̀. Ìtàn kan wà tí gbogbo wa fẹ́ràn, pé nígbà tí Kennedy àti Nixon tí wọ́n ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà jíròrò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1960, àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣàn ní Kennedy ló borí, àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Nixon ni. Ó dùn ún sọ. Àmọ́ ìwádìí kan ṣoṣo ló gbé e ró, àwọn tó gbọ́ rédíò nínú ẹ̀ ò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá Nixon ni wọ́n ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ìtàn yẹn síwájú kíláàsì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tú u wò bí wọ́n ṣe tú ọṣẹ rorẹ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára pátápátá, ẹ ní kí wọ́n ṣe ìpolówó tiwọn. Ẹ fún wọn ní òfin ilé ìwé kan láti polongo, bíi kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní wákàtí kan lẹ́yìn ti tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kan ń fẹ́, ẹgbẹ́ kan ò fẹ́, irọ́ kankan ò gbọ́dọ̀ sí nínú ohun tí wọ́n máa sọ. Lẹ́yìn náà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé pélébé kan nípa ohun tí wọ́n mọ̀ àmọ́ tí wọn ò fi sínú fídíò wọn, àti ìdí ẹ̀. Ìwé yẹn ni mo máa ń fún ní máàkì, mi ò kí ń fún fídíò. Bẹ́ ẹ bá wá dé orí ìbò tó ń lọ lọ́wọ́, iye ìpolówó kan náà ni kẹ́ ẹ mú fún olùdíje kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sì fi àwọn ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí àwọn òbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn máa ń dín kọ́ọ̀lù ìbínú kù.

Ó dájú pé wọ́n máa bi yín: "Tíṣà, ta lẹ̀yin máa dìbò fún?" Èmi máa ń sọ pé ìbò mi, àṣírí mi ni, àmọ́ kí gbogbo wọn kọ ẹni tí wọ́n rò pé mo fẹ́ sínú ìwé láìkọ orúkọ ara wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí mo sọ tàbí tí mo fi hàn wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀. Tí púpọ̀ nínú ìwé yẹn bá dárúkọ ẹnì kan náà, a jẹ́ pé mo ti ti nǹkan kan síwájú tàbí gbé nǹkan kan pamọ́ láìfura, màá sì tún àwọn ìpolówó tí mo fẹ́ lò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣà.